Ta Ni Onígbọ̀wọ́ Tòkunbọ̀?

Bí wọ́n bá bí ọmọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e bọ̀ wá sílé, Tòkunbọ̀ ni Yorùbá ń sọ ọ́. Orúkọ àbísọ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fara sin: ẹni tí ó ti òkè òkun bọ̀. Orúkọ iyì ni, nítorí pé láyé àtijọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń fi ojú kan òkun, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹni tí yóò kọjá rẹ̀ tí yóò sì padà bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Òkòkómáíkò lónìí, tí ó ní Tòkunbọ̀ ni òun ń wá, kò dájú pé wọn yóò fi ọmọ ènìyàn kankan hàn án. Ọkọ̀ ni wọn yóò nawọ́ sí. Ọkọ̀ àlòkù tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ti bá ọmọ pín orúkọ.

Yorùbá kì í jẹ́ kí ohun tuntun wọ ìlú kí ó wà láìlórúkọ. Nígbà tí mọ́tò kékeré dé, wọ́n rí i pé kò pariwo bíi ti lọ́rì, wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Nígbà tí Volkswagen elẹ́yìn rìbìtì dé, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní Ìjàpá ni. Nígbà tí Mercedes tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù dé, tí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ ń gbádùn ọyẹ́ nígbà tí oòrùn ń pa ará ìta, wọ́n ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni. Bọ̀gìnnì ni wọ́n ń pe gbogbo ọkọ̀ olówó ńlá lápapọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro náà kò jẹ́ kí àṣà yìí kú. Wọ́n sọ Honda Accord kan ní "End of Discussion". Nígbà tí òmíràn jáde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní "Discussion Continues". Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìsọrúkọ kan náà ni.

Àkíyèsí kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ sí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ń yin ohun tí ojú rí àti ohun tí ara mọ̀: ìrìn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rìbìtì, òtútù, ẹwà. Kò sí ọ̀kan tí ó sọ bí inú ọkọ̀ ti rí. Tòkunbọ̀ nìkan ni ó sọ nǹkan nípa ibi tí ọkọ̀ ti wá, síbẹ̀ ààbọ̀ ìtàn ni ó sọ. Ó sọ pé ọkọ̀ kọjá òkun. Kò sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó, kò sọ iye ìrìn tí ó ti rìn, kò sì sọ ohun tí olówó rẹ̀ rí lára rẹ̀ tí ó fi tà á.

Kì í ṣe ọkọ̀ àlòkù ni a kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, tí wọ́n kọ́ sí agbègbè Ọ̀jọ́, to Ìjàpá àkọ́kọ́ jáde. Ọdún yẹn kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ tí ó bá rí owó ọkọ̀ yá lè wọ ọkọ̀ tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun a sì máa ní ìwé lọ́wọ́: bí ohun kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín àkókò tí ìwé náà dá, ẹni tí ó ṣe é ni yóò tún un ṣe. Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní wárántì. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní ọdún 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, apá owó oṣù kò sì ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, Volkswagen kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní Ọ̀jọ́. Títí di òní, àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń ké "Volks!" lójú ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò tí ó ń sọ̀ níbẹ̀ kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ tuntun ni orúkọ náà ti wá.

Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ tuntun fi sílẹ̀ ni àlòkù gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi já sí Kútọnù ni ó gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí wọ́n gba Àgbádárìgì àti Òkòkómáíkò kọjá lọ sí àárín ìlú Èkó. Àwọn kan san owó aṣọ́bodè, àwọn kan sì jẹ́ fàyàwọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ibodè náà pa; oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2020, ó ní mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín ọdún 2015 sí 2018, Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí ọkọ̀ àlòkù ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ àtúnṣe ṣe pọ̀ tó. Nínú ọgbà Trade Fair ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Èkó ní ọdún 1977, ni àwọn oníṣòwò ASPAMDA ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì, jíà, iná iwájú, ilẹ̀kùn, kò sí ohun tí ènìyàn kò ní rí. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkèèrè ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìbáà jẹ́ Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Láti Ìyànà-Ìbà títí wọ inú Ìbà, mẹkáníìkì, rẹ́wáyà àti panẹ́ẹ̀lì-bítà kò jìnnà síra wọn. Ó dà bí ẹni pé gbogbo àdúgbò náà ti di ilé ìwòsàn fún ọkọ̀ tí ó ti dàgbà nílẹ̀ àjèjì.

Ìbà yìí ni ọkùnrin kan ń gbé, akọ̀wé ìjọba tí ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018. Láti kékeré ni ó ti rí dókítà ìlú wọn nínú Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, ó sì ti pinnu láti ìgbà náà pé òun náà yóò wọ ọ̀kan kí òun tó di arúgbó. Nígbà tí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ jáde, ó kọ́kọ́ parí òrùlé ilé rẹ̀, ó yọ owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí ó wà ní LASU sọ́tọ̀, ó sì fi èyí tí ó kù ra Mercedes E-Class ọdún 2004 kan, aláwọ̀ eérú, Tòkunbọ̀.

Kò fi ìwàǹwára rà á. Ó mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀ náà. Wọ́n ṣí iwájú ọkọ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ọwọ́ kan òróró, wọ́n wò ó bóyá ọ̀dà kejì wà lára rẹ̀. Oníṣòwò náà ń tẹ̀ lé wọn káàkiri.

"Alàgbà, fẹ́ẹ̀sì bọ́dì ni o. Ẹ wò ó, bí ọmọ tuntun."

"Wárántì rẹ̀ ńkọ́?"

Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín. "Wárántì kẹ̀! Bí ẹ bá ti gbé e kọjá géètì yìí, tiyín ni. Ọlọ́run ni wárántì wa, Bàbá."

Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣe àmín, ọkùnrin náà sì ka owó.

Fún oṣù méjìlá, ọkọ̀ náà kò dá a lóhùn àìdáa. Àwọn ọmọ àdúgbò ń juwọ́ sí i. Nínú ìpàdé àwọn onílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga iwájú sílẹ̀ fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń darí ọkọ̀ a máa gbé kóònù kúrò kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ní ọdún 2019, bí ó ti ń bọ̀ láti LASU lọ sí Ìbà, iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì hàn lábẹ́ rẹ̀ pé kí ó gbé bíréèkì lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí ó tẹ bíréèkì, ó le bí òkúta, ọkọ̀ sì rìn jìnnà kí ó tó dúró.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí bíréèkì yìí ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń ti òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú irú Mercedes yìí, tí wọ́n ṣe láti ọdún 2002 títí di 2006, kọ̀ǹpútà ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, tí ẹ̀rọ kan tí ó ní mọ́tò nínú sì ń pèsè agbára. SBC ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá kọṣẹ́, agbára ẹsẹ̀ lásán ni ó kù, bíréèkì iwájú nìkan ni yóò sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí ní ọjọ́ orí: ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, bí ó bá sì ti tó nǹkan bí 300,000, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ òun. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é pàápàá mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ní ọdún 2004, wọ́n pe ọkọ̀ 680,000 padà fún àtúnṣe nítorí rẹ̀. Ní 2005, wọ́n pe 1,300,000, ó sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2018, wọ́n fi wárántì rẹ̀ gùn di ọdún 25.

Ọdún 2018 yẹn gan-an ni ọkùnrin ará Ìbà ra tirẹ̀. Ẹni tí ó ń wa irú ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà lè gbé e lọ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlérí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò bá ọkọ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Tòkunbọ̀ ti òkun bọ̀. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ dúró sí òdìkejì.

Mẹkáníìkì rẹ̀ kó ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀ fún un. Èkíní, rẹ́wáyà kan wà tí ó ní kọ̀ǹpútà tí ó lè dá òǹkà náà padà sí òdo. Owó rẹ̀ kéré, iná pupa yóò kú lójú ẹsẹ̀, bíréèkì yóò sì tún máa rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èkejì, ó lè ra Bẹ́ljíọ̀mù: bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó mọ iye tí òun náà ti kà níbi tí wọ́n ti tú u. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún tò pẹ̀lú mọ́tò tuntun, tí olùtajà rẹ̀ ń fún ni ní ìwé oṣù mẹ́fà. Owó rẹ̀ ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́fà ọkùnrin náà lọ.

Ọ̀nà kìíní wù ú. Kò pa á mọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin náà ń ta aṣọ ní Ìyànà-Ìbà, kò sì mọ nǹkan kan nípa mọ́tò.

"Dádì, iná yẹn ni ó bàjẹ́ ni, àbí bíréèkì?"

"Bíréèkì ni. Iná ń sọ fún wa ni."

"Bí ajá bá ń gbó lóru, tí ẹ bá fi okùn di ajá lẹ́nu, ṣé olè ti padà lẹ́yìn nìyẹn?"

Ó dákẹ́. Ó ronú kan àwọn tirela tí wọ́n ń gbé àpótí ẹrù lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ó ronú kan àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń já sójú títì láìwẹ̀yìn, ó sì rántí pé ọmọ òun a máa jókòó síwájú. Ní òwúrọ̀, ó fi tapólì bo ọkọ̀ náà.

Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ tapólì. Ọkùnrin náà padà sínú dáńfó. Ẹni tí kò bá tíì gun ẹṣin kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ rìn kò lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ibùdókọ̀, àwọn ojúlùmọ̀ a máa bèèrè pé, "Alàgbà, ọkọ̀ ńkọ́?" Òun a sì fèsì pé, "Ó wà, ó ń sinmi." Àwọn kan gbà pé owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ìyàwó rẹ̀ ń dá àjọ. Nígbà tí ó kan obìnrin náà láti kó o, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ ra ọ̀nà kẹta.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó bèèrè ìbéèrè tí kò bèèrè nígbà tí ó ń ra ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara ẹ̀rọ náà sínú rísíìtì. Ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n tà á, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá kọṣẹ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Olùtajà kùn, ó ní òun kò bá oníbàárà pàdé báyìí rí, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún, iná pupa tún tàn. Olùtajà ní bóyá wọn kò dè é dáadáa ni. Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ọjà. Wọ́n kà á, wọ́n fi nọ́ḿbà inú rẹ̀ wé ti ara ẹ̀rọ, wọ́n sì ní kí olùtajà pààrọ̀ rẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọn kò dá padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà san án. Láti ìgbà náà, iná náà kò tàn mọ́.

Òfin wà tí ó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí Nàìjíríà ṣe, tí a mọ̀ sí ti ọdún 2018, ní oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí ó dára tí kò sì léwu. Ó sì ní ẹni tí ó bá ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASCOPA, àjọ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ẹni tí kò ní ẹ̀rí sọ̀rọ̀. Rísíìtì tí ó sọ pé "bíréèkì kan" kò jẹ́rìí kankan. Èyí tí ó ní nọ́ḿbà, ọjọ́ àti àdéhùn nínú ni ó lè dúró níwájú àgbà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún wárántì kí òyìnbó tó mú ìwé rẹ̀ dé. Ìgbọ̀wọ́ ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa, a máa wá onígbọ̀wọ́. Kì í ṣe àdúrà ni onígbọ̀wọ́ ń ṣe fún gbèsè. Bí ajigbèsè bá sá lọ, ilé onígbọ̀wọ́ ni olówó ń lọ. Ìdí nìyí tí kì í fi í rọrùn láti rí ẹni tí yóò gbọ̀wọ́ ẹni, ìdí nìyí náà tí ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ fi ní ìwúwo. Bí oníṣòwò bá ní Ọlọ́run ni wárántì òun, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni ó fi bo ọ̀rọ̀ òwò. Ó ti gba owó, ó sì fi gbèsè sí ọrùn Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí rísíìtì.

Kì í sì ṣe gbogbo ìgbọ̀wọ́ ni ó tó owó tí wọ́n ń bèèrè lórí rẹ̀. Ìwé kan wà tí yóò gbọ̀wọ́ ohun tí kì í sábà bàjẹ́, tí yóò sì yọ èyí tí ó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní san sí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ni kí á pín àtúnṣe sí méjì. Ẹ̀rọ amúlétutù lè dúró, rédíò lè dúró, ọ̀dà lè dúró. Bíréèkì, táyà àti ohun tí ó ń darí ọkọ̀ kò lè dúró, nítorí kì í ṣe olówó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n lè pa.

Ẹni tí yóò ra Tòkunbọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ tó o. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1981 fún ọjà Amẹ́ríkà ni ó ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ onílẹ́tà àti òǹkà 17. Ìkẹwàá nínú wọn ń tọ́ka sí ọdún tí wọ́n ka ọkọ̀ náà sí, nítorí náà oníṣòwò kò lè fi ọdún mẹ́ta dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Nọ́ḿbà yìí kan náà ni wọ́n fi ń wá ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bóyá ó ti ní jàǹbá, bóyá omi ti gbé e rí. Láti ọdún 1996, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ibi tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀, kí ó sọ àìsàn tí ó wà nínú rẹ̀. Bí oníṣòwò kò bá gbà kí wọ́n ki ẹ̀rọ bọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ti fèsì nìyẹn.

Àwọn àgbà sì ti parí ọ̀rọ̀ yòókù: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Epo wọ́n, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ń ti òkè òkun bọ̀ sì gbówó lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdínwó wà lára bọ̀gìnnì àlòkù lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ kò dínkù, iye ọkọ̀ olówó ńlá ni. Ẹni tí ó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé ríra rẹ̀ ti ra ẹṣin láìfi owó koríko sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ní kíláàsì. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú rísíìtì kan wá láti ilé, ìbáà jẹ́ ti fáànù tàbí ti fóònù, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni wọ́n tà, ìlérí wo ni wọ́n ṣe, ta sì ni onígbọ̀wọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, ẹ padà fi í han àwọn òbí yín.